Òkú Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Dúró Dè Mí

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó gbé mi láti ìdí ojú irin dé ilé aṣòfin ní Àbújá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rin péré ni mo lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú ọdún mẹ́rin náà tí n kò lè fi ọpẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àwa là ń so kóòṣì mọ́ kóòṣì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó ni a jọ ń gbé, ilé kéwú kan náà la sì lọ. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó ti irin, tí à ń jẹ ẹ̀wà, ó ní, "Bí mo bá ṣáájú, ìwọ ni kí o wẹ̀ mí o. Má jẹ́ kí àlùfáà kan tí kò mọ̀ mí máa yí mi bí àpò ìrẹsì."

Mo ní, "Pẹ̀lú gírísì ara rẹ yìí? Ọṣẹ wo ló máa ká a?"

"Ra ọṣẹ dúdú tó pọ̀, ahun!"

A rẹ́rìn-ín, a bọ ara wa lọ́wọ́. Ó di àdéhùn.

Àsùbáà ọjọ́ kan tí mo wà ní Àbújá ló kú. Ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ dúró dè mí. Mò ń bọ̀." A kì í fi òkú Mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, nítorí pé Ọnọ́rébù ló sọ ọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú fẹ́ rí mi láàárọ̀ náà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi díje lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé kò ní pẹ́. Ó pẹ́. Wọ́n ti kírun àìlà tán kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ àgbàlá ṣì tutù níbi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Òórùn tùràrí gba gbogbo ilé. Lèmọ́mù wò mí lójú.

"A ti sin ín, Àlàájì. Ooru ò mọ Ọnọ́rébù. Ó ti ń wú kí a tó fọwọ́ kàn án."

N kò rí tíkẹ́ẹ̀tì náà gbà. Nígbà tí mo padà sílé pátápátá, mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú opó ọ̀rẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì.

Ó ní, "Èmi ti yọ̀ǹda, Àlàájì. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ bá ṣe àdéhùn."

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kéde òkú ní mọ́ṣáláṣí wa, mo máa ń débẹ̀ kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo máa ń rọra yí wọn. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi nínú wọn.