A kó ohùn ọ̀pọ̀ ọdún, rédíò ò dákẹ́

Ẹnu ṣì ń yà mí. Lónìí, a kó gbogbo ohùn tí ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Ring Road ti gbà sílẹ̀ kúrò lórí dísìkì àtijọ́ tó ti ń kú lọ.

Mo ní ká pa ẹ̀rọ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi, Ìyá Ìbùkún, ní rárá, rédíò ò gbọdọ̀ dákẹ́.

"So dísìkì tuntun mọ́ àtijọ́. Ẹ̀rọ á máa dà á kọ fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá parí, a ó yọ àtijọ́."

Nígbà tó parí, a yọ àtijọ́, rédíò ò sì dákẹ́. Mo ṣí fáìlì kan wò. Ohùn ọmọge kan ń ka ìròyìn, ó mọ́ kedere.

Ọ̀gá rọra jókòó. "Èmi nìyẹn, kí n tó lọ́kọ."



Ẹ̀yin ńkọ́, ohùn ta lẹ ò fẹ́ kó sọnù?