Ológbò Tí Màmá Mi Kò Jẹ́ Kí N Tì Mọ́lé

Màmá mi ló ní kí n wá ológbò wá. Ó yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nígbà tí nǹkan dojú rú tán, bí ẹni pé èmi ni mo dédé kó wàhálà wọlé ni wọ́n ń sọ ọ́. Èkúté ló gé etí sùtánà funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, etí rẹ̀ ti di jákujàku. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Wá ológbò fún mi. Kó má ṣáà ti dúdú."

Mo ti kó padà sí Ìdànrè nígbà náà, sí ilé wọn ní Odode, lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú lẹ́yìnkùlé tí ìbàdí wọn kò sì san tán. Àárọ̀ ni mò ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló fún mi ní ológbò náà, abo, aláwọ̀ eérú, àyà rẹ̀ funfun. Kò pẹ́ rárá tí a kò fi gbọ́ ìró èkúté lórí àjà mọ́. Màmá mi ń pè é ní ìyàwó wọn, wọ́n ń yọ orí ẹja sílẹ̀ fún un.

Ìgbà tí èkúté tán nínú ilé ni ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Aládùúgbò wa, ọkùnrin ẹgbẹ́ mi kan tó ní oko kòkó ní Atosin, máa ń sá kòkó sórí tapólì níwájú ilé rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, kòkó náà á gbóná, ibẹ̀ sì ni ológbò wa rí sùn sí. Ká ní oorun nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le. Ó ń wa kòkó náà bí ẹni tó ń wa yanrìn, ó ń yàgbẹ́ sí i, á sì bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò náà wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá mi kó tó jókòó.

"Màmá, ẹ bá mi bá ológbò yín wí," ó ní. "Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ mi ló ki ọwọ́ bọ ohun tí n kò lè dárúkọ níwájú yín."

Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ohun mìíràn tún wà. Mo ti fi oògùn èkúté sínú yàrá tí mò ń kó àpò kòkó sí. Kì í ṣe tìtorí ológbò yín o. Àmọ́ oògùn kò mọ ojú."

Ọ̀rọ̀ yẹn kó mi láyà sókè. Mo pinnu pé ológbò kò ní jáde mọ́. Mo bu yanrìn sínú abọ́ ńlá kan, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo ní kí màmá mi máa pa ilẹ̀kùn dé.

"Kó máa yàgbẹ́ sínú ilé tí mo ti ń gbàdúrà?"

"Èmi ni màá máa kó o, Màmá."

"Ìwọ tí o wà ní Àkúrẹ́?"

Wọn kò gbà, wọn kò sì kọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, orí ògiri ni mo ti ń rí ológbò. Bí mo bá bi wọ́n pé ta ló ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Òun ló ní kí n ṣí i fún òun." Nígbà tó sú mi, mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Àkúrẹ́. N kò tíì dé ọ́fíìsì tí fóònù mi fi dún.

"Ṣé èmi náà ni o tì mọ́lé ni?"

"Màmá, ilẹ̀kùn iwájú wà ní ṣíṣí."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni."

Kí n tó délé, ológbò ti gba iwájú jáde.

Níbi iṣẹ́, gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní ìmọ̀ràn. Ọ̀kan ní ẹran tí Ọlọ́run fún lẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò ṣeé tì mọ́lé. Èkejì ní ọmọ òun tó wà nílùú òyìnbó kì í jẹ́ kí ológbò rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ koríko. Kò sí èyí tó wúlò fún mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ológbò gba abẹ́ géètì wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó ń wọ́ ìdí nílẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. N kò tíì ṣan ọṣẹ kúrò lọ́wọ́ tí màmá mi fi gbé ìgò epo pupa dé.

"Màmá, ẹ má fún un."

"Di orí rẹ̀ mú."

"Màmá, a kò mọ ohun tó jẹ."

"Mo ní kí o di orí rẹ̀ mú."

Mo dì í mú. Epo ṣàn lé wa lọ́wọ́, ológbò ha mi lápá. A gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, a fi ìró bo ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà, a sì wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Àkúrẹ́. Mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n jókòó sílé nítorí ìbàdí wọn, wọ́n ti ń wọ bàtà. Àwọn ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé itan títí a fi débẹ̀.

Dókítà béèrè pé ta ló fún un lépo, ó ní irú epo bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Màmá mi ń wo ògiri. Dókítà gún ológbò lábẹ́rẹ́, ó ní kí a fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Nígbà tí a padà lọ mú un, ó ti rù, ṣùgbọ́n ó lè dúró.

"Màmá, ẹ máa tì í mọ́lé," ni dókítà wí.

"A ti gbọ́," ni màmá mi dá a lóhùn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì tán tí mo tún fi bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Bí mo ṣe wọlé, n kò tilẹ̀ kí wọn.

"Màmá, etí yín ni dókítà sọ ọ́ sí."

"Etí mi ni. Ṣùgbọ́n dókítà kò bá a gbélé. Ìwọ náà kò bá a gbélé. Bí o bá ti lọ láàárọ̀, èmi ni mo máa ń jókòó gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ẹnu fèrèsé ló máa ń wà, á máa wo òkè bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Kì í jẹun. Àdúrà gan-an, n kò lè gbà á já."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá ń jáde, oògùn á pa á. Mo sì mọ̀ pé wọn kò parọ́. Èyí ló bí mi nínú jù, pé kò sí ẹni tí mo lè bínú sí dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé, n kò rí ológbò nínú ilé, n kò rí i lórí ògiri. Màmá mi ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Ó wà níbi iṣẹ́," ni wọ́n wí.

"Iṣẹ́ wo?"

Wọ́n ti fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sílé aládùúgbò wa lọ́sàn-án. Wọ́n bá a ṣàdéhùn pé kó gbá gbogbo oògùn rẹ̀ dànù, kó máa ti ológbò mọ́ yàrá kòkó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó sì bo àwọn àpò dáadáa. Abọ́ yanrìn mi ti wà lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò fẹ́ títì mọ́lé."

"Ilé tí kò ti níṣẹ́ ni kò fẹ́."

"Èmi ni mo gbé e wá láti Àkúrẹ́, Màmá. Ológbò ta ni báyìí?"

"Ti ẹni tí èkúté ń yọ lẹ́nu ni."

Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, tèmi ti báàgì léjìká ni mo máa ń yà sílé aládùúgbò lọ mú ológbò wálé. Màá kí i, màá béèrè oko, màá béèrè ìyàwó, kó tó ṣí yàrá náà. Ológbò ti sanra, ara rẹ̀ ń rùn bíi kòkó. Nígbà mìíràn, á wò mí, kò sì ní dìde.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe díẹ̀ sí i," ni ọkùnrin náà máa ń wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èkúté kan ni."

Màá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ebi á máa pa mí, inú á máa bí mi.