Ọ̀gágun Orí Páákó

Kàdírì ń lẹ táyà lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, ní Ṣakí. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un pa ẹ̀rọ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú ni ogun orí páákó.

Abọ́dúnrìn kápẹ́ńtà ló dá eré náà sílẹ̀. Ó ya ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan sórí páákó: odò, òkè, afárá. Ìdérí ìgò mínírà ni ọmọ ogun. Ọ̀tá ni àwọn ará Ihò, àwọn tí kò ní òjìji. Dáìsì lúdò ló ń sọ ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n fi gbẹ́ olórí ogun kọ̀ọ̀kan. Ó ní orúkọ, ẹni tó ni ín ló sì ń gbẹnu sọ fún un. Bó bá kú, ẹni yẹn á sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Òkú kì í padà wá jà.

Ọlásúnkànmí ni Kàdírì sọ tirẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni, tó ń ṣe sójà lọ́nà Máídúgùrì.

"Bàbá Súnkànmí," ni Sodiqat ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ ò rí orúkọ mìíràn fi ṣeré?"

"Bó bá ń borí níbí, á máa borí lọ́hùn-ún."

Sodiqat pòṣé. Ìgbà yẹn, ọmọ ṣì ń pè. Nígbà tó wá di oṣù mẹ́ta tí fóònù ò dún, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn ń wá a, Kàdírì ò lè pa orúkọ náà dà mọ́. Lójú rẹ̀, bí ẹni ń lé ọmọ jáde nílé ni.

Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun alásàrí, àwọn ará Ihò lé wọn dé etí odò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lórí afárá káwọn tó kù lè kọjá. Ládòkun àgbẹ̀ ni Balógun wọn. Eré ti wọ̀ ọ́ lára.

"Ọlásúnkànmí, ìwọ lo máa dúró!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ lè kọ̀ o," ni Abọ́dúnrìn sọ fún Kàdírì. "Òfin gbà á. Ẹ ní ó sá."

Kàdírì wo igi náà. Ó mọ ọmọ tó bí.

"Mo gbọ́, sà. Màá dúró."

Ó ju dáìsì. Márùn-ún ló ń wá kí Ọlásúnkànmí lè yè. Èjì ló bọ́ sílẹ̀.

Kò fọwọ́ kan igi. Abọ́dúnrìn ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó kó sódò, a ò rí i. Ẹ ò ní ṣẹ́ nǹkan kan."

"A ò rí i kẹ̀?" Kàdírì gbójú sókè. "Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. A-ò-rí-i ni mò ń bá sùn, Abọ́dúnrìn. Òun ni mò ń bá jí."

Ó mú igi náà. "Ẹ bá mi kí ìyá mi," ló gbẹnu rẹ̀ sọ. Igi apá ni, ó le. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi orúnkún tì í kó tó dá.

Ó fi irin tó fi ń tú táyà gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sin ín. Sodiqat gbọ́, ó sáré dé.

"Ẹ fọwọ́ ara yín sin ọmọ yín?"

"Mo ṣáà mọ ibi tí èyí wà."

 Obìnrin náà jókòó sórí táyà àlòkù kan. Ó ní kí ọkọ òun tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ajá má baà hú u.