Ìṣẹ́jú Mẹ́rìndínlógún tí Kò Tó Gebhard Tschann

Tí ẹ bá bi Gebhard Tschann láàárọ̀ pé ṣé ó jí dáadáa, ẹ lè lọ bọ́jú, kẹ́ ẹ mu kọfí, kẹ́ ẹ sì padà wá gbọ́ èsì. Kì í ṣe pé ó ń kólòlò o, kì í sì í ṣe òpè. Ó kàn gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ sílẹ̀ kò ṣe é kó mọ́ ni, nítorí náà ó máa ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níwá-lẹ́yìn, bí ẹni tó ń ra màlúù, kó tó jẹ́ kó jáde. Wàràkàṣì ló ń ṣe. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òun àti ogójì màlúù ló máa ń wà lókè níbi koríko, kò sì sí màlúù kankan tó ń kánjú gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yá lára rẹ̀ ni síkì, pákó gígùn méjì tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Tó bá ti wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, tó kọrí sí ìsàlẹ̀, yìnyín tó ń fò lẹ ó kàn rí.

Ta wá ni ọkàn rẹ̀ lọ fà sí? Kreszenz Vonbank, tí gbogbo wa ń pè ní Zenzi, opó tó ni ilé búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Zenzi! Ó lè ta búrẹ́dì fún ọ, kó sọ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń ṣe bíi pé òun ò jẹ gbèsè, kí o tó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ.

Èmi ni mo ń di àga mú nísàlẹ̀. Àga òkè wa àtijọ́ ni mò ń sọ, ẹlẹ́ni-méjì, onípákó, tí wọ́n tò tẹ̀ léra lára wáyà kan tó ń yí, tó sì ń gbé èèyàn láti ẹ̀yìn ilé ìwé lọ dé orí òkè Garfülla. Iṣẹ́ mi ni kí n gbá a mú tó bá yí dé, kó má baà gbá èèyàn lẹ́yìn orúnkún, kí n sì ké pé, "Ẹ jókòó!" Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló máa ń gbà kó tó dókè. Àwọn àlejò láti ìlú ńlá máa ń kùn pé ó lọ́ra. Àwa ò kùn. Níbo lèèyàn tún ti lè mú ẹnìkejì rẹ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún tí kò ní lè dìde lọ? Orí àga yẹn ni wọ́n ti parí ìjà ààlà ilẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ò rí parí. Orí ẹ̀ ni ìyàwó mi ti sọ fún mi pé òun ti lóyún àkọ́bí wa; ayọ̀ fẹ́ẹ́ mú mi fò sílẹ̀, ló bá fi ọ̀pá síkì gbá mi láyà pé kí n fìdí mọ́lẹ̀. Dárúkọ àga yẹn fún àgbàlagbà kankan lábúlé wa lónìí, wàá rí i tí ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ẹ̀.

Láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, Gebhard á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn tó ń retí àga, á máa ṣe bí ẹni tó ń so bàtà, títí Zenzi á fi dé. Wọ́n á jọ jókòó. Ìgbà òtútù mẹ́fà ni mo fi ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sókè. Gbogbo abúlé ló mọ ohun tí Gebhard fẹ́ sọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Zenzi ò lè rí gbólóhùn tó dúró sójú ọ̀nà kó má bá a tì í. Gebhard fúnra ẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tá a jọ ń mu bíà. Bíà mi gbóná kó tó parí.

"Mo ní, 'Zenzi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́...'"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó ní, 'O ti fẹ́ tún òrùlé ẹ ṣe! Mo mọ̀! Ó tó bẹ́ẹ̀, ó ti ń jò jù.'"

"Kí nìwọ wá sọ?"

Ó wo inú ife ẹ̀ títí. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Gebhard!"

"Ó ń jò lóòótọ́."

Bó ṣe tún òrùlé ṣe nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan náà ló sọ ọ́ di akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, torí Zenzi ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn, kò sì fẹ́ já a nírọ́. Tí àwọn yòókù bá ti kọ "Àmín," Gebhard ṣì wà ní ẹsẹ kejì.

Nígbà tó di ìgbà òtútù tó kẹ́yìn fún àga náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ahéré mi pé wọ́n máa tú u palẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn á sì gbé tuntun wá, ẹlẹ́ni-mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Pirmin tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì kà á, ó mi orí.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin? Gebhard ò tíì ní dárúkọ obìnrin yẹn tán."

"Kó yáa múra, kí wọ́n tó tú eléyìí."

"Gebhard kọ́? Àwa la máa bá a múra."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta ni. Zenzi dé, ó fi ìborùn wé ara ẹ̀ dé abẹ́ ojú. Mo kí i, ó nawọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀. Òtútù ti gba ohùn ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní bébà ló fi ń bá àwọn oníbàárà jà. Mo wo Pirmin. Pirmin wò mí.

"Iṣẹ́ Ọlọ́run nìyí," ló sọ sí mi létí. "Tí wọ́n bá ti kọjá òpó keje, mo máa dá a dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí."

Zenzi àti Gebhard jókòó, wọ́n kọjá òpó keje, Pirmin tẹ bọ́tìnì pupa. Gbogbo àga dúró gbọnin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ó tẹ ti àwọ̀ ewé. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ bíi bàbá arúgbó, ó sì dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Kò sóhun tó mì. Pirmin ṣí fìlà.

"Ó ti kọ̀."

"Ó kọ̀ báwo?"

"Ṣé ó máa ń sọ ìdí ni?"

Ohun tó ń lọ lókè lásìkò náà, ẹnu Ottilia ni mo ti gbọ́ ọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà lórí àga tó tẹ̀ lé tiwọn. Kò ní kó tẹ́tí jìnnà. Gebhard lọ́ra lẹ́nu ni, kò kéré lóhùn. Ẹni tó ń pe màlúù láti òkè kan sí èkejì ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Zenzi," ló ní. Ó dúró. Ẹyẹ ìwò kan fò kọjá, ó tún fò padà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́..."

Zenzi la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ottilia ní òun rí i tí èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ tó há sí i lọ́fun.

"...tí mo ti fẹ́ sọ fún ẹ..."

Látòkè délẹ̀, gbogbo orí àga ló ń tẹ́tí. Ẹnì kan tó fẹ́ sín fi ìbọ̀wọ́ di imú.

"...pé òrùlé mi ò jò mọ́."

Ottilia ní díẹ̀ ló kù kóun ju ọ̀pá síkì lù ú lórí. Àṣé kò tíì parí.

"Yàrá mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó o fẹ́ mi, Zenzi. Tí kò bá ní ni ẹ́ lára."

Zenzi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó mì í bí ẹni tí oyin ń lé. Àmọ́ ojú ti Gebhard, orí òkè tó wà níwájú ló tẹjú mọ́. Obìnrin náà fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Gebhard rò pé ó ń lé òun ni, ó sún lọ sí etí àga. Ó tún gún un. "Má bínú," ni Gebhard wí, ó tún sún díẹ̀ sí i, títí tí ìdajì ìdí ẹ̀ fi wà lófuurufú.

Ottilia ní tiẹ̀ ò lè pa á mọ́ra. Ó yíjú sẹ́yìn, ó kígbe sáwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀: "Ó ti sọ ọ́! Ó ní kó fẹ́ òun!"

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn yẹn kígbe sáwọn tó tẹ̀ lé wọn pé, "Ó ní kó fẹ́ atẹ́gùn sí òun!" Àwọn tó tún tẹ̀ lé wọn ní, "Kò rí atẹ́gùn mí!" Nígbà tó fi máa dé àga kẹsàn-án, àyà Gebhard ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí àlejò kan tó dé fìlà pupa sì wá ké sí wa nísàlẹ̀ ni, "Gebhard ti ń lọ o! Ẹ gbà á o!"

Ojú Pirmin funfun bíi yìnyín. "Mo ti pààyàn," ló wí, ó sì gbá fóònù mú.

Àwọn adóolà òkè tó pè, àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu, ò fi ṣeré. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé, wọ́n gbé ọkọ̀ onítáyà irin gba ẹ̀gbẹ́ òkè gun orí Garfülla, wọ́n fa ọkọ̀ yìnyín pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn tẹ̀ lé e, èyí tó jọ pósí tí kò ní ìdérí. Àlùfáà wa, tó ti wọ síkì tó ń dúró lórí ìlà, bá wọn lọ, torí èèyàn ò mọ̀. Pirmin náà wá fi ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́ fa wáyà, àwọn àga bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ìgbín.

Ẹsẹ̀ Gebhard ò tíì kanlẹ̀ tí èèyàn mẹ́rin fi gbé e.

"Kò sí..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, fi agbára ẹ pamọ́."

"Kò sí ohun..."

Nígbà tó máa fi dé "tó ṣe mí," wọ́n ti di ìgbànú mẹ́ta mọ́ ọn, wọ́n ti fi kúbùsù wé e, wọ́n sì ti fi ohun ìmí tó ń fún aláìsàn ní atẹ́gùn bò ó lẹ́nu. Zenzi ń sá tẹ̀ lé wọn, ó ń ju ọwọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ju ọwọ́. Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ, ó fi ọ̀pá síkì kọ̀wé sórí yìnyín níwájú wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó ilẹ̀kùn: BẸ́Ẹ̀ NI.

Ojú ọ̀run nìkan ni Gebhard ń wò. Àlùfáà ló kà á.

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ni?"

Zenzi nawọ́ sí Gebhard, ó nawọ́ sí àyà ara ẹ̀, ó wá nawọ́ sí kọ́là àlùfáà. Àlùfáà tẹ̀ ba, ó ṣí ohun ìmí kúrò.

"Gebhard, ọmọ mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Gebhard rò ó. Àwọn adóolà dúró. Zenzi dúró. "Bẹ́ẹ̀ ni sí..." ló wí níkẹyìn, "...sí èwo nínú ẹ̀?"

"Sí gbogbo ẹ̀ pátá, ìwọ ọkùnrin yìí!" Ottilia ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga tiẹ̀.

Omi bọ́ lójú Gebhard. Ìyẹn ò pẹ́ rárá.

Síbẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Ọ̀gá àwọn adóolà ní ẹni tóun bá ti dè, dókítà ló gbọ́dọ̀ tú u. Dókítà ní àyà ẹ̀ ń lù kìkì, àmọ́ kò sí oògùn ẹ̀.

Oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣègbéyàwó, kí màlúù tó gòkè. Àlùfáà bi ọkọ bóyá ó gbà, Zenzi tí ohùn ẹ̀ ti padà sì ní, "Ó gbà." Àlùfáà ní rárá, ẹnu ọkọ fúnra ẹ̀ lòfin fẹ́. Zenzi fọwọ́ bo ẹnu, ó dúró, mo sì mọ̀ pé obìnrin yẹn ló jìyà jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Nídìí oúnjẹ, Pirmin jẹ́wọ́ pé òun lòun tẹ bọ́tìnì. Zenzi gbá a létí, ó sì fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́.

Wọ́n tú àga náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú yàrá oníjígí ni mo ń jókòó báyìí, àga tuntun ń dẹwọ́ fúnra ẹ̀, orúnkún ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mi mọ́. Tọkọtaya yẹn gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Zenzi ní Gebhard ṣì ń kí àwọn mẹ́rin tó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n dókè. Láti ìgbà yẹn, àfonífojì kejì ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí wọ́n ṣì ní ẹlẹ́ni-méjì. Ẹni tó ń di àga mú níbẹ̀ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Àwọn ará yín méjì kan wà níbí. Wọ́n á gòkè, wọ́n á tún jókòó sọ̀ kalẹ̀, wọn ò gbé síkì dání. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan," ni mo wí. "Ṣáà máa bá wọn di àga mú."