Ìjókòó Méjì fún Orin Ọmọ Wọn

Jórinjórin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe. Géètì tó já, ẹsẹ̀ àga tó kán, kò sí irin tí kì í lẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba nǹkan lọ́wọ́ òun náà. Ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin, apá òsì ló máa ń gbé e sí, ariwo rẹ̀ sì ti pa etí òsì rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó yí sí apá ọ̀tún. Onídìrí ni ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì wọ́n lẹ́nu onídìrí.

Àkọ́bí wọn obìnrin ló kó wọn sí wàhálà tíkẹ́ẹ̀tì. Láti kékeré ló ti ń fa fayolíìnì, gòjé òyìnbó. Nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni bàbá rẹ̀ máa ń lé e sí, torí ohùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ọmọ náà kò gbọ́, kò gbà. Nígbà tó yá, ohùn náà tòrò, ẹgbẹ́ olórin ọ́kẹ́sírà ńlá tó wà láàárín ìgboro sì gbà á síṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló máa kọ́kọ́ bá wọn jókòó níwájú èrò nínú gbọ̀ngàn wọn.

Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá mi, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, ẹ ò ní rí àga."

"Ṣé wọn ò lè fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Ṣebí ọmọ wa ló ń bá wọn ṣe é."

"Ẹni tuntun ni mí, bàbá. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n ń fún."

Ni tọkọtaya bá jókòó sídìí tábìlì, wọ́n gbé fóònù ìyàwó síwájú. Àwòrán gbọ̀ngàn náà jáde, àga kọ̀ọ̀kan rí bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Àwọn tó ní àwọ̀ ewé ṣì wà, àwọn tó ní àwọ̀ eérú ti lọ. Ìka Jórinjórin tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn lọ. Ó tẹ eléyìí, ìyẹn ló dáhùn.

"Apá òsì ni ká jókòó sí," ló wí, "kí etí mi tó dáa lè kọjú sí wọn."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Mo ti bi ọmọ yín. Apá òsì náà ni wọ́n máa fi í sí, ọ̀tún ló sì máa kọjú sí. Tá a bá jókòó sósì, ẹ̀yìn orí ẹ̀ la máa rí. Ẹ̀yìn orí tí mo ti ń dì látìgbà tó ti hu irun! Ọ̀tún ni ká lọ, kí n rí ojú ọmọ mi."

"Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin ni?"

"Ṣé etí kan ṣoṣo yẹn náà lẹ fẹ́ fi pàṣẹ fún gbogbo wa?"

Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, tí wọ́n ń fà á bọ̀, fóònù kọ ọ́ sójú wọn pé àkókò wọn ti tán, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ gbà fún ìyàwó, wọ́n mú méjì lápá ọ̀tún, ó ku kí wọ́n sanwó. Báǹkì ní àwọn máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ tí wọ́n máa tẹ̀ sí i. Wọ́n dúró, dúró. Nígbà tí nọ́ńbà náà fi máa dé, àga méjèèjì ti di eérú. Jórinjórin pòṣé, ó ju fóònù sórí tìmùtìmù, ó bọ́ síta láìwọ bàtà.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi géètì oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀, ó lọ sí gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀. Ó tò sórí ìlà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn gíláàsì, ihò kékeré kan ló sì wà nísàlẹ̀ gíláàsì ọ̀hún. Jórinjórin ò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí ọ̀tún lé ihò náà.

"Bàbá, ẹ wo ibí yìí," obìnrin náà wí, ó ń tọ́ka sí àwòrán àga.

"Mò ń gbọ́."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbọ́, mo ní kẹ́ ẹ wò ó!"

Ó gbójú sókè láti wò ó, kò sì gbọ́ ohun tó kàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń kùn. Kó tó yé e pé kò sí àga méjì tó fara kanra mọ́, òógùn ti bò ó. Ọ̀kan ló kù lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún lókè.

"Èyí tó wà lósì yìí, òpó wà níwájú ẹ̀ o," obìnrin náà pariwo. "Ẹ máa gbọ́, ẹ ò kàn ní ríran ni."

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n rà á àbí kí n má rà á?"

"Kí n lọ dá jókòó sáàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí? Ẹ ṣáà rà á. Ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ rí."

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, wọ́n pínyà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń lọ sírìn àjò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òpó náà nípọn ju bí Jórinjórin ṣe rò lọ. Ìgbọ̀nwọ́ adarí orin nìkan ló ń rí, tó ń yọ, tó ń wọlé. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó di ojú, ó na etí ọ̀tún síwájú, ó ń wá ohùn ọmọ rẹ̀. Kò rí i. Gbogbo fayolíìnì yẹn ló ń dún bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ti dá a lójú pé òun máa dá tọmọ òun mọ̀, àní bí wọ́n bá to ọgọ́rùn-ún. Inú bí i débi pé ó fẹ́ẹ̀ẹ́ dìde.

Nígbà ìsinmi, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Ó lejú bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan." Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Ẹ lọ jókòó síbi tèmi, kẹ́yin náà rí i."

Ó lọ. Lókè níbẹ̀, etí tó kú ló kọjú sí orin, etí tó yè kọjú sí ògiri. Orin náà ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i. Ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ gbogbo àwọn yòókù, kò yá jù, kò pẹ́ jù. Orí rẹ̀ wú. Síbẹ̀, ó ń dùn ún pé kò sí ibì kan nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn tí ojú òun àti etí òun ti lè pàdé.

Nígbà tí wọ́n parí, ọmọ náà sáré wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ sí?"

"Nígbà tí mò ń gbọ́, mi ò rí ẹ. Nígbà tí mo rí ẹ, mi ò gbọ́."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú bàbá rẹ̀, ó ṣí àpótí fayolíìnì rẹ̀, ó lọ dúró sápá ọ̀tún bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa orin náà jẹ́jẹ́. Jórinjórin na etí ọ̀tún sí i. Orin náà kò tíì lọ jìnnà tí ọkùnrin aṣọ́nà kan fi yọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ tilẹ̀kùn."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ lọ máa fà á níta."

Níta, òjò ti ń kán, fayolíìnì kì í sì í bá òjò ṣeré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà pè é, ó bá wọn lọ. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi Jórinjórin pé báwo lorin ọmọ rẹ̀ ṣe rí, á fajú ro, á ní òun gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa.