Èèpo Búrẹ́dì Létí Àwo Miel

Miel Daems kú ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọsibítù. Eyín ló pa á. Bí ẹ bá rò pé ojú yín ló ń ṣe yín, ẹ tún un kà: eyín. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ọkọ̀, ọjọ́ ogbó sì kọ́. Eyín kan ṣoṣo nínú lọ́hùn-ún, lápá òsì nísàlẹ̀, ló jẹrà, ló kó ọyún, ọyún náà sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn rẹ̀, ó dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa ní ọsibítù sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Miel kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi rí. Ẹ má purọ́ mọ́ ọn.

Olóòtú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní kí n fi ìlà mẹ́rin dágbére fún un, bí a ti máa ń ṣe fún gbogbo àlejò tó bá kú. Mo ti kọjá mẹ́rin. Ẹni tí kò bá láyè, kó ṣí i lọ sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ.

Àlejò. Bí a ti ń pè wọ́n ní ìlú wa nìyẹn, àwọn tí ọpọlọ wọn gba ọ̀nà tirẹ̀, tí a ń gbà sílé kí wọ́n máa bá wa jẹun, kí wọ́n máa bá wa ṣe iṣẹ́ oko. Ìyá mi gbà wọ́n sílé, ìyá ìyá mi náà gbà wọ́n. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ti òkèèrè wá wò wá. Wọ́n á mu kọfí wa, wọ́n á ní kò sí ibi tí àánú pọ̀ sí tó ilẹ̀ Kempen ní gbogbo Belgium. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Miel dé ilé mi ní ọ̀dọ́mọkùnrin, nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oko. Ó bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ó bá mi gbé pósí ọkọ mi. Lọ́jọ́ tí a ta màlúù wa tó kẹ́yìn, ó sunkún ju gbogbo wa lọ. Ó darúgbó lórí àga ilé ìdáná mi. Báwo ló ṣe yẹ kí àlejò pẹ́ tó kó tó di ará ilé? Ẹ bá mi bi àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tí Miel ní lẹ́nu kò pọ̀. "Màámi" wà níbẹ̀, èmi nìyẹn. "Màlúù" wà níbẹ̀. "Ó tó" wà níbẹ̀, òun ló sì ń lò jù. "Ó ń dùn mí" kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé nǹkan ń dun Miel, àfi kó wò ó. Kò nílò ẹ̀rọ. Ojú ló nílò.

Èmi fúnra mi kò ní eyín, n kò sì tijú rẹ̀. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, dókítà eyín ìgbà náà, bàbá àgbà kan tó ti kú báyìí, ní kí n máa wá lóṣooṣù kó máa tún wọn ṣe. Ta ló máa jókòó ti Miel lóṣooṣù? Mo ní kó yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mena, àwọn tó ṣì dáa wà níbẹ̀ o."

"Yọ àwọn náà. Wọn ò ní lè dá gbé."

Bí mo ṣe di ẹlẹ́yín àtọwọ́dá nìyẹn. Mo mọ obìnrin púpọ̀ ní àdúgbò yìí tó ń tọ́jú àlejò, tó ń tọ́jú ọmọ tí kò lè dìde, tó ń tọ́jú ọkọ tí iyè rẹ̀ ti rá. Ẹ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹ ka eyín wọn. Kò ní gbà yín lásìkò.

Láti ìgbà náà ni fífọ eyín mi ti di iṣẹ́ Miel. Bí a bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, á gba ife tí mo ń kó wọn sí lọ́wọ́ mi, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n rọra bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, á máa kùn sí wọn lábẹ́ ohùn, á gbé wọn sókè síbi iná, á wò wọ́n. Bí wọ́n bá mọ́, á ní, "Ó tó." Bí wọn ò bá mọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí eyín àtọwọ́dá tó mọ́ bíi tèmi ní gbogbo ìlú yìí, mo sì mọ àwọn tó ní in.

Tirẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Èmi ni màá kọ́kọ́ yanu. Bí mo bá yanu, á yanu. Bí mo bá panu dé, á panu dé. Bí ìgbà téèyàn ń wo dígí ni. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì wádìí. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ní àárọ̀, èmi a jẹ inú búrẹ́dì, òun a jẹ èèpo rẹ̀. Màá gé e yí ká, màá tì í sọ́dọ̀ rẹ̀, á máa rún un wàrùwàrù, á máa fi ojú dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ilé wa kì í fi búrẹ́dì ṣòfò. Lásìkò tí a ń wa ọ̀dùnkún lọ́dún tó kọjá, mo dìde láti palẹ̀ oúnjẹ mọ́, mo rí èèpo búrẹ́dì mi létí àwo rẹ̀. Ó tò wọ́n jọ dáadáa. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara rẹ̀ létí. Lieve, nọ́ọ̀sì tó ń yẹ àwọn àlejò wò láti ilé dé ilé, wá jókòó ní ilé ìdáná mi.

"Màmá Mena, ìbínú rẹ̀ tún ti dé. Ẹ wo bó ṣe ń gbá ara rẹ̀."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló ń gbá."

"Mo rí i, Mà."

"Òsì nìkan. Lieve, wèrè wo ló mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ẹ ò ní yéé ṣàwàdà."

"Ṣé ojú àwàdà lo rí yìí? Eyín ló ń dùn ún."

"Màá sọ fún dókítà, Mà."

Lóòótọ́, ó sọ fún dókítà. Dókítà náà kò wo ẹnu Miel. Ó fi kún oògùn tó ń mú un fara balẹ̀. Oògùn náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò rán an: ó gbẹ itọ́ ẹnu Miel. Ẹnu tí kò bá sì ní itọ́, eyín inú rẹ̀ a máa jẹrà kíákíá. Lieve fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé èyí fún mi, lẹ́yìn ìsìnkú. Nítorí náà, ẹ bá mi tò ó. Eyín ń dùn ún, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fún un lóògùn. Oògùn gbẹ ẹnu, eyín jẹrà sí i, ó tún gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màlúù tí wọ́n so mọ́ igi, tó ń yí igi náà ká títí okùn fi fún un lọ́rùn, ṣé màlúù là ń bá wí, àbí ẹni tó so ó?

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wá wú, mo wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo dé Miel ní fìlà, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtọ́jú eyín. Ilé tuntun ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Kò ní àtẹ̀gùn, nítorí àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé gbogbo èèyàn ló káàbọ̀ síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nídìí tábìlì lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ máa jókòó síbí. Bàbá nìkan ló ń wọlé."

"Kò ní gbà láìsí mi."

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá wọn?"

"Ìyá báwo? A jọ hewú ni."

"Ìyàwó wọn?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Àbúrò wọn? Alágbàtọ́ tí kóòtù yàn?"

"Èmi ni Mena."

Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. "Màmá, kò sí Mena nínú àwọn èyí tí mo lè tẹ̀ níbí."

Wọ́n mú Miel wọlé. Mo jókòó. Ilẹ̀kùn kò padé tán, mo ń gbọ́ ohùn dókítà náà. "Ẹ yanu, Bàbá." Ó tún ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu fún mi." Mo na ọrùn wò wọ́n. Dókítà náà fi aṣọ bo ẹnu tirẹ̀. Miel ń wo ojú rẹ̀ kínníkínní, ó ń wá ẹnu tó máa wò ṣe. Kò rí i.

Mo dìde, mo wọlé.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, Màmá!" Ọmọbìnrin ìdí tábìlì nìyẹn, lẹ́yìn mi.

"Dókítà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn. Bí mo bá yanu, á yanu. Bó ṣe ń ṣe nílé nìyẹn."

"Màmá, àga ẹnì kan ni."

"Mi ò ní kí o gbé òmíràn wá. Màá dìde fún un."

"Ẹ ò ní àdéhùn pẹ̀lú wa lónìí. Bí nǹkan bá ṣe yín lórí àga náà, ta ló máa dáhùn?"

"Kí ló fẹ́ ṣe mí lórí àga eléyín? Mi ò ní eyín."

Miel gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dókítà náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ mú wọn pa dà wá nígbà tí wọ́n bá lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a máa fi orúkọ wọn sáàárín àwọn tí a máa kọ́kọ́ fún lóògùn oorun kí a tó fọwọ́ kan eyín wọn. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀.

Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewé fi wọ́ tán lára igi, tí ilẹ̀ fi di yìnyín. Mo ń se gbogbo nǹkan rọ̀ fún un, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń fi ṣíbí ọmọdé bọ́ ọ. Kò fọ eyín mi mọ́. Á gba ife náà, á gbé e lé orí itan, á máa wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kọfí kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ọsibítù tí wọ́n sáré gbé e lọ ni wọ́n ti wo inú ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní eyín náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo ní ẹ ṣeun.

Dókítà eyín ní kí n mú un wá nígbà tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti ń sùn jẹ́ẹ́ báyìí o. Kò gbá nǹkan kan. Ẹ lè wá yọ ọ́.

Ìsìnkú náà dára. Olórí ìlú fi òdòdó ránṣẹ́, ó lẹ ọ̀já pupa mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ sí i pé, "Ọ̀kan lára wa." Ó dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ. Ì bá dára ká gbọ́ ọ nídìí tábìlì ọjọ́sí. Lieve sunkún títí fìlà rẹ̀ fi ṣí sẹ́yìn. Mo gba ẹkún rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo gbà á. Ó sì mọ̀ pé ẹkún kì í yọ eyín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tẹlifóònù dún. Ọmọbìnrin ìdí tábìlì ni.

"Màmá, ìròyìn ayọ̀! A ti rí àyè fún Bàbá Daems."

"Àwa náà ti rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Àyè náà ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, ṣùgbọ́n..."

"Tẹ Mena síbẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ pé ọmọ dáadáa ni.

Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin tó wà lórí oyè, ẹ̀yin tó ni ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ àti ẹ̀yin tó ń buwọ́ lu oògùn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ gbọ́ ohun tí mo ń bèèrè. Mi ò tọrọ òdòdó. Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe òfin pé ẹni tó ń tọ́jú èèyàn kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Mo fẹ́ kí dókítà tó fi kún oògùn náà wá sí ilé ìdáná mi, kó jókòó sórí àga Miel, kó sọ fún mi ìdí tí kò fi wo ẹnu rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé kò sí àlejò kankan mọ́ tí wọ́n á fi kún oògùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ wo inú ẹnu rẹ̀, kí ẹni tó ń fọ ẹnu náà nílé sì dúró tì í.

Bí ẹ ò bá dáhùn, kò burú. Mo ní àdéhùn ní ilé ìtọ́jú eyín náà. Àga ẹnì kan ni, ẹnì kan náà sì ni mo jẹ́. Màá wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì mi. Màá yọ eyín mi, màá kó wọn sínú ife wọn. Kò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n forí jì mí. Màá jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí dókítà eyín náà bá sì bi mí pé kí ló ń ṣe mí, mi ò ní fọhùn. Màá gbé ọwọ́ sókè, màá gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, òsì nìkan, mi ò sì ní yéé gbá a títí ẹnì kan nínú ilé náà yóò fi ní kí n yanu.