Ọjọ́ Kejì Tí Mi Ò Lọ

Mo ti bẹ̀rù ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo sì ti bẹ̀rù ojú ọ̀nà nígbà tí mò ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì kó jìnnìjìnnì bá mi tó ẹja. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Lọ́kọ́ja, àdúgbò Crusher ni mò ń gbé. Ẹ̀yìn ilé mi ni mo mọ adágún oníbíríkì kan sí, tí mò ń sin ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀. Owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ti màmá kan ni, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ wá láti ìlú kan náà nílẹ̀ Ọ̀kun, tí a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tó ti ń retí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kó lé mi lọ́wọ́ pé ká jọ dòwò. Ó ní mo jọ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Kí n tó ra ẹja, mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n kọ́ wa nípa oúnjẹ ẹja. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ wọn nípa omi. Mo ní "wọn" torí pé èmi ò sí níbẹ̀, mo ti lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi nílé. Síbẹ̀ wọ́n fún mi ní ìwé-ẹ̀rí, èmi náà sì fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ ara ògiri tó kọjú sí adágún, níbi tí màmá á ti máa rí i. Mi ò sọ fún un pé ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, á ní kí n dá owó òun padà.

Ìgbéraga mi ò mọ síbẹ̀. Àwa tí a jọ gba ìwé-ẹ̀rí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wátsáàpù, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fèsì sí ìbéèrè. Bí ẹnìkan bá bèèrè ọ̀rọ̀ omi, màá ní kó ṣe sùúrù. Lójú tèmi, sùúrù kì í pa ẹja.

Ẹja ń dàgbà, omi ń di aláwọ̀ ewé, ó sì ń rùn. Mò ń sọ fún ara mi pé òórùn ẹja ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń lọ síbẹ̀, àyà mi á máa já. Mi ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an, ìyẹn ló sì burú jù, torí ẹni tó bá mọ ohun tó ń bẹ̀rù á mọ ibi tí yóò sá gbà.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo bá àwọn ẹja tí wọ́n nàró nínú omi, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, tí wọ́n ń la ẹnu. Wọn ò lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n kàn dúró bí èrò tó ń retí ọkọ̀. Mi ò tíì ronú kan ohun tí mo lè ṣe tí mo fi gbọ́ ohùn màmá lẹ́nu géètì, ó ń bọ̀ láti ibi àdúrà òwúrọ̀.

"Ọ̀kun o, ọmọ mi," ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílé.

Ó wá dúró tì mí, ó wo omi náà títí. "Kí ló dé tí wọ́n dúró báyìí?"

Mo gbójú sókè wo ìwé-ẹ̀rí mi. "Ebi ló ń pa wọ́n, Màmá. Ẹja tó bá ń dàgbà dáadáa ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Kí irọ́ náà lè jọ òótọ́, mo bu oúnjẹ ẹja kún abọ́, mo dà á sómi, mo tún bu òmíràn lé e. Díẹ̀ nínú wọn ló jẹ, ìyókù oúnjẹ náà léfòó. Màmá sì mi orí, ó ní mo káre, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ẹja kan ti yí ikùn sókè. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́ta, ó di mẹ́jọ. Mo mú fóònù láti pe olùkọ́ wa, mo tún tì í bọ àpò. Kí ni màá sọ fún un, èmi tí mò ń dá gbogbo ẹgbẹ́ lóhùn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú fóònù náà jáde. Dípò kí n pe ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkú ẹja sínú garawa, mo fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó.

Ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì.

Màmá ló padà dé. Inú rẹ̀ ti dùn ju kó jókòó sílé lọ, ló bá gba ọjà Kpata lọ, ó mú ìyá Núpé kan wá, tó ti ń ta ẹja láti kékeré, pé kó wá wo ẹja tí yóò rà lọ́wọ́ wa. Irọ́ mi ló lọ bá mi mú ẹni tó mọ ẹja wá sílé.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

"Haba," ó ní. "Who dey feed dem?"

Màmá wò mí, ó wo garawa, ó rí ìrù ẹja tó yọ lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì. Mo mọ̀ pé ó ti yé e. Mò ń retí kó nàka sí mi.

"Àwa ni," màmá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mi ò lè jẹ́ kó bá mi ru ohun tí kò mọ̀dí rẹ̀. "Kì í ṣe àwa, Màmá. Èmi ni. Mi ò mọ nǹkan kan nípa omi. Mi ò lọ lọ́jọ́ kejì."

Màmá yíjú sí omi náà. "Láti oṣù tó kọjá ni òórùn omi yìí ti ń kó mi lọ́kàn sókè," ó ní. "Ojú ń tì mí láti bèèrè, kó o má baà rò pé mi ò fọkàn tán ọ. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé abèèrè kì í ṣìnà."

"Ẹ bá ara yín sọ ìyẹn lọ́la," ìyá ẹlẹ́ja wí. "Ẹ ṣí páìpù."

A tú omi náà sílẹ̀ dé ìdajì. A pe gbogbo mẹ́ruwà tó ń ta omi ládùúgbò, wọ́n ń ti ọmọlanke omi wọlé léraléra. Ìyá náà ní ká má fún àwọn ẹja lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Ó ní omi tó ti bàjẹ́ ló ń pa wọ́n, oúnjẹ tí mo dà sí i láàárọ̀ sì dá kún un. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹja tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó yè.

Ìwé-ẹ̀rí náà ṣì wà lára ògiri, màmá ò jẹ́ kí n yọ ọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí láràárọ̀, kò lọ. Ṣùgbọ́n bí màmá bá dé ẹnu géètì tó bi mí pé ṣé ara àwọn ẹja le, màá sọ fún un pé mi ò mọ̀. Á bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, á ká ìró rẹ̀ sókè, a ó sì jọ lọ wo omi náà.